Roland Callingham: Akáńtáǹtì tó fi rélùwéè ìṣeré tọ́jú àwọn tí kò mọ̀ rí

Ìtàn òyìnbó kan ni mo gbé wá lónìí. Roland Callingham lorúkọ rẹ̀, ó sì ti kú láti ọdún 1961. Kì í ṣe olóṣèlú, kì í ṣe ọ̀gágun, kò sì jọba ìlú kankan. Akáńtáǹtì ni ní ìlú London. Ohun tó sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń dárúkọ títí dòní ni pé ó kọ́ ìlú kékeré kan sínú ọgbà ilé rẹ̀, ó tẹ́ irin rélùwéè kékeré yí i ká, ó to kóòṣì àti ọkọ̀ akẹ́rù kéékèèké sórí irin náà, ó sì ní kí ẹni tó bá wá wòran fi nǹkan sílẹ̀ fún àwọn aláìní. Owó tó ti tibi eré yẹn jáde fún iṣẹ́ àánú ti lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bi mí pé, kí ló kan ọmọ Èkìtì nínú ọ̀rọ̀ rélùwéè? Òótọ́ ni. Irin rélùwéè tí wọ́n tẹ́ láti Èkó wọ Ìbàdàn ní 1901, ó gba Òṣogbo kọjá, ó sì yà sí ọ̀nà Ìlọrin. Kò wọ Èkìtì rí. Ará Ìjerò, ará Àrámọkọ tàbí ará Ẹ̀fọ̀n tó bá fẹ́ fojú rí ọkọ̀ ojú irin láyé àtijọ́, Òṣogbo ló máa lọ.

Síbẹ̀ a ṣe ọkọ̀ ojú irin tiwa. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Àrámọkọ, agolo mílíìkì la máa ń lu ihò sí, a ó fi okùn so wọ́n tẹ̀ léra wọn, márùn-ún tàbí mẹ́fà. Èyí tó wà níwájú ni ẹ́ńjìnì, àwọn tó kù ń ru iyẹ̀pẹ̀ àti ekùrọ́ bí ẹrù. Kò sí èyí tó ti rí rélùwéè rí nínú wa, inú ìwé kíkà la ti rí àwòrán rẹ̀. Àwọn àgbà a máa wò wá bí ọmọ tí kò níṣẹ́. Wọ́n á ní ká lọ pọnmi. Ìyẹn ló jẹ́ kí ìtàn Bàbá Callingham wọ̀ mí lára nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, nítorí àgbàlagbà tó níṣẹ́ gidi lọ́wọ́ ni, kò sì fi eré sílẹ̀.

Rélùwéè tó jáde kúrò nínú ilé

Beaconsfield ni Callingham ń gbé. Ìlú kékeré kan ni ní ìpínlẹ̀ Buckinghamshire, ní apá ìwọ̀ oòrùn London. Láti 1906 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gba ibẹ̀ lọ sí London, èyí ló sì jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ tó rí jájẹ lè máa gbé níbẹ̀, kí wọ́n lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, kí wọ́n padà wálé nírọ̀lẹ́. Irú ayé tí Callingham ń gbé nìyẹn. Ó lówó lọ́wọ́, ó ní ilé tó ní ọgbà ńlá, ó sì ní àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́: aṣọ́gbà, awakọ̀, alásè àti ọmọ ọ̀dọ̀.

Nǹkan kan ló wà tí kì í jẹ́ kó sinmi: rélùwéè ìṣeré. Ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ tẹ̀rín-tẹ̀rín ni pé irin rélùwéè yìí gba inú ilé débi pé ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ ní kó yan ọ̀kan nínú méjì: bí rélùwéè ò bá jáde, òun á jáde. Ọkùnrin náà ò jiyàn. Ó kó rélùwéè bọ́ sí ìta.

Ọdún 1927 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Òun àti olórí aṣọ́gbà rẹ̀, Tom Berry, ni wọ́n jọ dáwọ́ lé e, àwọn òṣìṣẹ́ ilé tó kù náà sì bá wọn dá sí i. Odò ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n ti gbẹ́ síbẹ̀ di òkun fún ìlú náà, wọ́n sì to òkúta àti ilẹ̀ jọ di òkè. Wọ́n wá ń kọ́ ilé sórí rẹ̀: ṣọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀bù, ibùdókọ̀, ilé ọtí, pápá eré bọ́ọ̀lù onígi tí àwọn òyìnbó ń pè ní kíríkẹ́ẹ̀tì. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ṣe é ni pé ẹsẹ̀ bàtà kan lójú ayé di ínṣì kan. Ilé tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 24 wá di ẹsẹ̀ bàtà 2, èyí tí ọmọ ọdún márùn-ún lè yọjú wò látòkè. Dípò kí ọmọdé máa gbójú sókè wo ayé àgbà, ibẹ̀ lòun náà ti di òmìrán.

Bekonscot lorúkọ tó sọ ọ́. Ó mú ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ Beaconsfield, ó fi ìparí orúkọ Ascot, ìlú tó ti gbé tẹ́lẹ̀, lé e. Nígbà tó yá, ìlú kéékèèké mẹ́fà ló wà nínú ọgbà náà, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀.

Iṣẹ́ wà nínú rẹ̀ o

Ẹ má rò pé ọmọlangidi lásán ni. Ilé iṣẹ́ Bassett-Lowke ní ìlú Northampton, tí òkìkí wọn kàn jù nígbà náà nínú ọ̀rọ̀ rélùwéè kékeré, ló bá a ṣe ọ̀nà irin rẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì jẹ́ mìlímítà 45. Tí ẹ bá fi wé rélùwéè àtijọ́ tó gba Òṣogbo, tirẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1,067. Ẹ wo bí ti bàbá yìí ṣe kéré tó! Síbẹ̀, tí wọ́n bá wọn gbogbo ọ̀nà irin inú ọgbà náà, ó lé ní 400 mítà.

Ẹni tó bá ti ṣe ọkọ̀ akẹ́rù kékeré rí mọ̀ pé ọwọ́ tó jáfáfá ni í ṣe é. Pátákó ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀pá tó so táyà irin méjèèjì pọ̀ gbọ́dọ̀ tọ́, etí táyà gbọ́dọ̀ bá ẹ̀gbẹ́ irin mu. Tó bá fúyẹ́ jù, tó bá dé ìkọ́rọ̀ yóò ré bọ́. Tó bá wúwo jù, ẹ́ńjìnì ò ní lè fà á gun òkè. Ìkọ́ tó so ọ̀kan mọ́ ìkejì gbọ́dọ̀ le, kó sì tún lè yí.

Ti Bekonscot tún le ju ti inú ilé lọ, nítorí ìta gbangba ló wà. Òjò ń rọ̀ lé e, oòrùn ń mú irin fẹ̀, ewé ń jábọ́ sí ojú ọ̀nà, ìpẹtà ń bẹ níbẹ̀. Ọkọ̀ náà kì í sì í sinmi, nítorí pé látàárọ̀ títí wọn yóò fi tilẹ̀kùn ló ń yípo lójú àwọn tó wá wòran. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń tún un ṣe fi di òṣìṣẹ́ gidi, tó ń kọ́ ọkọ̀ tuntun, tó ń pààrọ̀ táyà tó jẹ, tó ń kun ọ̀dà.

Ọdún 1929: àlejò dé, owó tẹ̀ lé e

Níbẹ̀rẹ̀, Callingham ò ronú pé òun ń kọ́ ibi ìgbafẹ́ fún gbogbo ayé. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fẹ́ máa fi dára yá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ irú nǹkan báyìí kì í pamọ́. Àwọn oníwèé ìròyìn gbọ́, èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ya wá, nígbà tó sì di oṣù kẹjọ ọdún 1929, ó ṣí ọgbà náà sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn.

Ibi tí ìtàn yìí ti yí nìyí. Akáńtáǹtì ni, ó mọ iye tí èrò báyìí lè mú wọlé. Ó lè kó o sápò. Kàkà bẹ́ẹ̀, owó tí àwọn èèyàn ń fi sílẹ̀ lọ sí iṣẹ́ àánú. Lára àwọn tó jàǹfààní rẹ̀ ni Railway Benevolent Institution, ẹgbẹ́ tó ti wà láti 1858 láti máa ran àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti ìdílé wọn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì. Àwa tí à ń wo rélùwéè nínú fíìmù máa ń rò pé iṣẹ́ jẹ́jẹ́ ni. Láyé ìgbà yẹn, iṣẹ́ ikú ni. Ẹni tó ń so ọkọ̀ akẹ́rù kan mọ́ òmíràn wà láàárín irin ńlá méjì tó ń bọ̀ wá gbá ara wọn. Bí ẹsẹ̀ bá yọ̀, ó parí. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ rélùwéè ló ń kú lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọọdún ní Bìrìtìkó. Opó á ṣẹ́kù, ọmọ á ṣẹ́kù, ilé tí wọ́n ń gbé sì lè jẹ́ ti ilé iṣẹ́ rélùwéè fúnra rẹ̀.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wá gbogbo ọ̀nà láti kówó jọ. Ajá pàápàá ń tọrọ! Ní ibùdókọ̀ ojú irin Slough, tí kò jìnnà sí Beaconsfield, ajá kan wà tí wọ́n ń pè ní Jim. Wọ́n so àpótí owó mọ́ ọn lẹ́yìn fún àwọn opó àti ọmọ òrukàn òṣìṣẹ́ rélùwéè. Bí ẹ bá ju owó sínú rẹ̀, á gbó láti dúpẹ́. Ọdún 1896 ló kú. Wọ́n tọ́jú òkú rẹ̀ sínú gíláàsì, ó sì ń bẹ ní ibùdókọ̀ náà dòní.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe bá ara mu. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń pa èèyàn lójú ayé, àwòkọ rẹ̀ kékeré ló ń wá oúnjẹ fún àwọn tí ó sọ di opó. Èmi ò mọ ẹ̀bùn tó bá a mu ju ìyẹn lọ.

Kò sì sí ẹni tí wọ́n dójú tì. Kí ọdún 1929 yẹn tó parí ni ọrọ̀ ajé ayé dojú dé, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tí kò lówó púpọ̀ ṣì lè mú ọmọ rẹ̀ lọ wo rélùwéè kékeré, kó fi ìwọ̀nba tó ní sílẹ̀, kó sì máa lọ sílé tayọ̀tayọ̀.

Òkìkí kàn dé ààfin, ó tún kọjá òkun

Ní 1934, Ayaba Mary mú ọmọ ọmọ rẹ̀ wá sí Bekonscot. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lọmọ náà, Elizabeth lorúkọ rẹ̀. Òun náà ló di Ọbabìnrin Elizabeth Kejì, tó wá sí Nàìjíríà wa níbí ní 1956. Enid Blyton, òǹkọ̀wé tí púpọ̀ nínú àwọn òbí yín ka ìwé rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìlú Beaconsfield kan náà ló gbé láti 1938. Ó kọ ìwé fún àwọn ọmọdé nípa ìlú kékeré náà, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì kọ́ àwòkọ ilé rẹ̀ sínú ọgbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wú mi lórí jù ni Holland. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ikọ́ ife ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì níbẹ̀. Ilé ìwòsàn kan wà tí wọ́n ti ń tọ́jú wọn tí wọ́n sì tún ń jẹ́ kí wọ́n máa kàwé lọ, ṣùgbọ́n owó ò tó. Obìnrin kan tó wà nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀, Ìyáàfin Boon-van der Starp, ti gbọ́ nípa Bekonscot àti owó tó ń mú wá fún àánú. Ó ní kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní Holland.

Àwọn òbí George Maduro ló fi owó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọ wọn yìí, ìlú Curaçao ni wọ́n ti bí i ní 1916. Ó bá àwọn Násì jà, wọ́n mú un, ó sì kú ní àgọ́ ìfìyàjẹni Dachau ní 1945. Ọmọ wọn ò ní sàréè tí wọ́n lè máa lọ kí. Ìlú kékeré náà, Madurodam, tí wọ́n ṣí ní 1952, ló di ìrántí rẹ̀. Rélùwéè kékeré ń sáré nínú rẹ̀ títí dòní. Callingham ṣì wà láyé nígbà yẹn, ojú rẹ̀ ló ṣe tí èrò orí rẹ̀ fi di oògùn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ̀ rí, ní ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Lẹ́yìn ikú bàbá

Callingham kú ní 1961. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa tí olówó bá kú: ilẹ̀ á di ọ̀rọ̀ kóòtù, ọmọ Ìyá Àgbà á bá ọmọ Ìyàwó Kékeré jà, wọn á wó ohun tó kọ́ láti fi ta pílọ́ọ̀tì. Ti Bekonscot ò rí bẹ́ẹ̀. Àjọ kan wà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, nígbà tó sì di 1978, Church Army, ẹgbẹ́ kan nínú ìjọ Áńgílíkà, bẹ̀rẹ̀ sí í bójú tó o. Èrè tó bá kù lẹ́yìn ìnáwó, àánú ló ń lọ.

Wọ́n ṣìnà díẹ̀ o. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, wọ́n ń kọ́ ilé ìgbàlódé sí i, wọ́n ń fi ọkọ̀ òfurufú àti rélùwéè tuntun kún un kó lè bá ayé mu. Ní 1992, wọ́n pinnu pé kí wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà sí bí ayé ṣe rí láàárín 1930 sí 1939. Ohun tí Callingham mọ̀ ló fi kọ́ ọ, ohun náà sì ni èèyàn ń wá wò. Àlejò tó ti wọ ibẹ̀ láti 1929 ti lé ní mílíọ̀nù 15.

Ẹ̀fọ̀n náà wà lójú ọ̀nà irin yẹn

Mo ti ṣèlérí fún ara mi pé n kò ní parí ìtàn yìí láì darí ẹ wálé. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tó gba Beaconsfield lọ sí London, Wembley ló máa gbà kọjá. Ní 1924, ọdún mẹ́ta kí Callingham tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ìjọba Bìrìtìkó ṣe àfihàn ńlá kan ní Wembley, wọ́n ní kí gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn kó nǹkan wá. Lára ohun tó lọ láti Nàìjíríà ni ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ni Olówè Ìsẹ̀. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí Olówè, kó tó ṣí lọ sí Ìsẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó gbẹ́ sí i lára: òyìnbó ìjọba tí àwọn aláàárù gbé sórí àga, àwọn ẹlẹ́rù tó ń tẹ̀ lé e, àti Ògògà tó jókòó lórí ìtẹ́ tó ń dúró dè wọ́n. Ọkọ̀ tí òyìnbó gun wá sí Èkìtì nìyẹn, nítorí kò sí rélùwéè. Olówè sọ ọ́ di kékeré lára igi, gẹ́gẹ́ bí Callingham ṣe sọ rélùwéè di kékeré.

Àwọn òyìnbó tó ń bójú tó British Museum rí ilẹ̀kùn náà, wọ́n fẹ́ rà á. Ògògà ò tà á. Ó gbà kí wọ́n fi àga ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀, Olówè sì gbẹ́ òmíràn fún ààfin. Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ wà ní London dòní, èèyàn ń rọ́ lọ wò ó. Olówè kú ní 1938. Àwọn àgbà wa ní ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè.

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Ọgbọ́n ọwọ́ tí Callingham ní láti lọ rà ní Northampton, ó kún Ẹ̀fọ̀n. Agbọ́nbíofẹ́ tó gbẹ́ òpó ààfin Aláayè, ọmọ ibẹ̀ ni. Ohun tí a ò ní ni ọgbà tí wọ́n ti lè wò ó, tí owó tí àlejò bá fi sílẹ̀ á ti balẹ̀ sọ́wọ́ aláìsàn tàbí ọmọ òrukàn ìlú. Ẹni tó bá fẹ́ rí iṣẹ́ ọmọ Ẹ̀fọ̀n tó dáa jù, London tàbí Amẹ́ríkà ló máa lọ, ibẹ̀ náà ni owó ìwòran ń dúró sí.

Tí a bá fẹ́ kówó jọ lọ́dọ̀ wa, a mọ ohun tí à ń ṣe. A ó gba kánópì, a ó gba alága ayẹyẹ, máìkì á máa pe orúkọ àwọn ẹni ńlá. Èèyàn tó ní ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ́wọ́ á rọra sá jáde. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n a ti ṣe é débi pé ọwọ́ kékeré ń tijú láti dara pọ̀. Callingham ò pe orúkọ ẹnì kankan. Ó fi ohun tó dùn ún wò hàn wọ́n, ó sì jẹ́ kí ọmọdé náà lè dá tirẹ̀.

N ò sọ pé ká lọ gbé rélùwéè ìṣeré sí Àrámọkọ o. Callingham lówó, ó nílẹ̀, ó tún ní àwọn tó ń bá a ru òkúta. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi páálí kọ́ mọ́tò, tí ẹ ń fi pákó kọ́ ilé kéékèèké, tí ẹ ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí èèyàn lè rẹ́rìn-ín: ẹ to ohun tí ẹ kọ́ sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Sátidé kan ṣoṣo. Ẹ fi ọ̀nà ìsàlẹ̀ Ẹ̀fọ̀n sínú rẹ̀, ẹ fi ọjà Ìjerò sínú rẹ̀, ẹ fi irin rélùwéè tí ìjọba ò tẹ́ fún wa sínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, ẹ kọ orúkọ ẹni tí owó náà wà fún sára rẹ̀ gàdàgbà, kí ẹ sì ka owó náà lójú gbogbo èèyàn. Ẹ sọ fún mi ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣe é. Màá wá, màá sì gbé ìròyìn rẹ̀ jáde.